Ewúrẹ́ Tó Mọ Ìyá Mi

Kì í ṣe ohùn ẹ̀ nìyí.

Rárá o. Àfi tó bá jẹ́ wáyà tí mo kì bọ etí yìí ló ń ṣe mí níṣekúṣe... kì í ṣe ohùn Bàbá Ẹ-Dákun nìyí. Ojú ẹ̀ ni, n ò jiyàn. Gíláàsì ojú ẹ̀ ni, èyí tí ẹsẹ̀ kan ẹ̀ wọ́. Kóòtù òjò ẹ̀ ni, irùngbọ̀n tí wọ́n fi òwú ṣe, ìwo kan tó gùn ju èkejì lọ. Gbogbo ẹ̀ pé. Ewúrẹ́ mi nìyí, ewúrẹ́ tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ṣùgbọ́n ó kàn la ẹnu báyìí — ta ni ọkùnrin yìí? Ohùn bíi ti ọ̀gá ilé-ìwé tí ebi ń pa. "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ ká jọ ka àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá." Ka ọkọ̀ kẹ̀? Ta ló ran Bàbá Ẹ-Dákun níṣẹ́ kíka ọkọ̀?

Jẹ́ n dá fọ́nrán yìí padà sẹ́yìn. Bóyá ńṣe ló ń ṣàwàdà, bóyá ohùn ẹ̀ gan-an ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn...

"Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ ká jọ ka —"

Ó tì.

Ilẹ̀kùn yẹn kò tíì ṣí. Ilẹ̀kùn yàrá iṣẹ́ abẹ ni, aláwẹ́ méjì, ó ní ojú gíláàsì kékeré lókè, wọ́n sì ti lẹ bébà mọ́ gíláàsì náà kí ẹnikẹ́ni má bàa yọjú. Ta ló fẹ́ yọjú? ... Èmi ni. Èmi ni mo fẹ́ yọjú. Tí kì í bá ṣe ti nọ́ọ̀sì tí bàtà ẹ̀ ń han yẹn, tó ń lọ tó ń bọ̀, mi ò bá ti gun orí bẹ́ǹṣì yìí kí n ṣí bébà yẹn létí kan. Kí n wá rí kí ni? Ọ̀bẹ? Jókòó jẹ́ẹ́, obìnrin yìí. Jókòó jẹ́ẹ́.

Àtàárọ̀ ni wọ́n ti ti Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi, wọlé lórí bẹ́ẹ̀dì onítáyà. "Ẹ lọ sílé, ẹ lọ sinmi, a óò pè yín." Ilé wo? Kí n lọ máa wo ògiri? Ibí náà ni mo wà. Ògiri wà níbí náà, ó ní ọ̀dà àwọ̀ ewé títí dé àyà, funfun láti àyà lọ sókè, àti ẹ̀rọ omi tó fara ti ògiri náà tó ń kùn ṣáá. Ó ń kùn, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń mu omi ẹ̀.

Àpótí ohùn. Bí dókítà onírùngbọ̀n ṣe pè é nìyẹn. Ó fi ìka tọ́ ọ̀fun ara ẹ̀. "A óò yọ àpótí ohùn wọn, kí jẹjẹrẹ náà má bàa rìn kọjá ibẹ̀. Wọn óò máa mí, wọn óò máa jẹun, wọn óò rìn lọ síbi tó bá wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ..." Ó wá dúró síbẹ̀. Ó ń wo bàtà ẹ̀. Àǹtí ló bá a parí ẹ̀. "Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ sísọ, ó parí nìyẹn, àbí? Ẹ sọ ọ́, dókítà. Ṣé ẹ̀yin lẹ fi í síbẹ̀ ni?" Pẹ̀lú ohùn tó ti kẹ̀ yẹn náà o! Òun tí wọ́n fẹ́ gé ló ń rẹ ẹni tó fẹ́ gé e lẹ́kún.

Rédíò ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Rédíò, aránṣọ. Téèyàn bá ti ń bọ̀ látọ̀nà jíjìn lèèyàn á ti máa gbọ́ ọ, ohùn ẹ̀ á borí ìró máṣínnì, á máa bá ọmọṣẹ́ jà, á máa bá oníbàárà ṣẹ̀fẹ̀, tí kò bá wá sẹ́nì kankan á máa bá aṣọ wí. "Ìwọ kọ́là yìí, ṣé o ò ní í gbọ́ràn ni?" Ó gbó kọ́là lẹ́nu! Ẹni tó bá ní kó dákẹ́, á ní, "Ẹ yọ bátìrì mi tẹ́ ẹ bá lè yọ ọ́." Ó dáa. Wọ́n ti ń yọ ọ́ báyìí...

Ha! Kí ni mò ń rò yìí? Kí ló dé tí ọkàn mi burú báyìí?

Ọmọ ẹ̀ ní ká gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Ó pè mí láti ibi iṣẹ́, ó ń sunkún, "Àǹtí Kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù sí wọn lẹ́nu, kí wọ́n sọ ohunkóhun." Mo gbé e síbẹ̀ lóòótọ́. Àǹtí wo fóònù, ó wò mí. "Ohùn tó ti ya yìí? Òun lẹ fẹ́ kí ọmọ mi máa fi rántí mi? Gbé nǹkan yẹn kúrò ńbẹ̀ jàre." Mo sì gbé e kúrò. Gbogbo ọdún tó fi pariwo, kò sẹ́nìkan nínú wa tó rò pé ó yẹ ká gbà á sílẹ̀. Ta ló ń gba òjò sílẹ̀? Èèyàn á ṣáà gbọ́ ọ pé ó ń rọ̀ ni, á máa bá iṣẹ́ ẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tì í wọlé, ó di ọwọ́ mi mú. Mo ní, ó ti dé. Ọ̀rọ̀ tí Àǹtí máa sọ kẹ́yìn láyé ẹ̀ rèé, ọ̀rọ̀ ńlá ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Nọ́ọ̀sì gan-an dúró. Kí ni Àǹtí wí? "Ó ti tó báyìí. Lọ fọ ojú ẹ. Mi ò lọ síbì kankan." Wọ́n sì tì í lọ. Tán! Lọ fọ ojú ẹ. Bí ẹni pé mo fi ẹrẹ̀ ṣeré. Inú bí mi díẹ̀, kí n má purọ́. Èèyàn á tọ́jú ọ̀rọ̀ jọ títí dọjọ́ tó máa tán, á wá ná èyí tó kù sórí fífọ ojú.

Mi ò tíì fọ ọ́.

Ṣé ó yẹ kí n tún un wò? Kí n tún wo ewúrẹ́ yìí? Díẹ̀díẹ̀ ló fi í ránṣẹ́, awakọ̀ wa nílé búrẹ́dì. Díẹ̀díẹ̀ la ń pè é torí bó ṣe ń wakọ̀, búrẹ́dì gbígbóná á kúrò lọ́dọ̀ wa, tútù ló máa ń dé. Ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni. "Ẹ fi dá ara yín lára yá níbẹ̀ yẹn o," ló kọ sí i, "mo rò pé mo ti rí ewúrẹ́ yín." Mo fò dìde lórí bẹ́ǹṣì. Lójú àwọn èèyàn! Obìnrin tó yẹ kó máa gbàdúrà, ó fò dìde nítorí ewúrẹ́.

Wọn ò mọ̀. Mo ti bi gbogbo ayé léèrè ewúrẹ́ yìí. Àwọn tá a jọ ń po ìyẹ̀fun, oníbàárà, ọkọ mi kó tó di ọkọ mi. "Ẹ ò rántí eré àwọn ọmọdé kan lórí tẹlifíṣọ̀n nírọ̀lẹ́? Ewúrẹ́ àgbàlagbà kan, ó wọ kóòtù òjò, ó ń bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo nǹkan? Bàbá Ẹ-Dákun? Ẹ ò rántí adìẹ tó ń gbé nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì, Ìyá Mo-Ti-Wí?" Wọ́n á máa wò mí. Àwọn ẹgbẹ́ mi o, àwọn tó dàgbà nídìí irú tẹlifíṣọ̀n kan náà. Wọ́n á ní àwọn rántí eré alárìnjó, àwọn rántí eré ológbò, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tó ń bẹ̀bẹ̀? Ọkọ mi ní, "Ìwọ lo lá a lálàá." Díẹ̀díẹ̀ alára kọ́kọ́ ní, "Kò síbẹ̀, ọ̀gá mi. Irú ẹ̀ ò sí láyé yìí."

Ó sì wà! Báwo ni mo ṣe máa lá nǹkan bẹ́ẹ̀ lálàá? Ó máa ń bẹ ilẹ̀kùn. "Ẹ dákun, ilẹ̀kùn, tí kò bá ní í ni yín lára, ẹ ṣí díẹ̀." Ó máa ń bẹ òjò pé kó jọ̀ọ́ kó rọ̀ ní òdìkejì. Tó bá tẹ òkúta mọ́lẹ̀, á padà lọ bẹ òkúta. Ìyá Mo-Ti-Wí á wá yọ orí jáde nínú dúrọ́ọ̀, "Mo ti wí! Mo ti wí pé kó o má jáde!" Èmi á rẹ́rìn-ín títí ikùn á fi máa dùn mí. Títí dòní, tí ìyẹ̀fun ò bá tètè wú, mo máa ń tẹ̀ba sórí agbada tá a fi ń po ìyẹ̀fun yẹn, mo máa ń sọ fún un kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: ẹ dákun. Àwọn ọmọ ilé búrẹ́dì rò pé àdúrà ni.

Ohùn ẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́. Ohùn ẹ̀ kì í gba etí wọlé — mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀, mo sọ ọ́ fún Díẹ̀díẹ̀ rí, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbá sitiarín — àtàrí mi ló ń gbà wọlé. Lóòótọ́ ni. Tí Bàbá Ẹ-Dákun bá sọ̀rọ̀, orí mi á máa gbọ̀n wìrìrì, á gbóná fẹ́lífẹ́lí, oorun á sì máa kùn mí. Èwo nínú àwọn ohùn ayé ló tún ń ṣe bẹ́ẹ̀? Mi ò tíì gbọ́ irú ẹ̀ mọ́.

Ó sì mọ ìyá mi.

Èyí ni mi ò sọ fún Díẹ̀díẹ̀. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi náà. Ìyá wa wà ní ọsibítù nígbà yẹn, wọn ò gba ọmọdé láyè níbẹ̀. Bàbá wa á tibi iṣẹ́ kọjá lọ síbẹ̀, á padà dé, á jókòó, á máa wo ọwọ́ ara ẹ̀, kò ní í sọ nǹkan kan. Ta ló wá ń sọ fún mi? Ewúrẹ́ yẹn ni. Lójoojúmọ́, lẹ́yìn tó bá bẹ ilẹ̀kùn, tó bẹ òjò tán, á kọjú sí mi. "Ẹ dákun, Kékeré, mo kọjá ní ọsibítù lónìí. Mo rí ìyá ẹ. Wọ́n jẹun díẹ̀. Wọ́n ní ṣé o ti ń jẹ́ kí wọ́n fọ orí ẹ láìsunkún?" Ó ń dárúkọ mi! Àwọn àgbà á máa gbọ́ ìròyìn tiwọn lórí rédíò, ogun, ìdìbò, owó orí. Èmi náà ń gbọ́ ìròyìn tèmi. Ìyá mi mu tíì. Ìyá mi wẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín nígbà tí ewúrẹ́ sọ fún wọn pé mo ti mọ bàtà wọ̀.

Mo ti dàgbà, mo mọ̀ pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ewúrẹ́ tí wọ́n fi aṣọ rán nínú tẹlifíṣọ̀n, báwo ló ṣe máa mọ̀ mí? Ọmọdé ni mí, ọmọdé á máa ro ohun tó wù ú. Bí mo ṣe tọ́jú ẹ̀ nìyẹn. Mo kó o sí igun kan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó yọ gíláàsì ojú ẹ̀ yẹn... mi ò rí ibi tí mo máa kó ìyẹn sí.

Ọjọ́ yẹn, kò bẹ ilẹ̀kùn. Kò sí ẹ̀rín kankan. Ó kàn yọ gíláàsì náà, ó ń nù ún, ó ń nù ún, ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. "Ẹ dákun," ló wí. Ó tún nù ún. "Ẹ dákun, Kékeré. Ìyá wa ò ní í padà wálé mọ́."

Ìyá wa. Kò wí pé ìyá ẹ. Mo ti ń rò ó láti ọjọ́ yẹn. Mo rò pé ìwà rere ẹ̀ ló jẹ́ kó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé ó fẹ́ bá mi pín in. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn ẹ̀ tó báyìí, tí mo fi ń wá a kiri bí ẹni tó ń wá ẹbí. Ìgbà tí gbogbo àgbà inú ilé dákẹ́, ewúrẹ́ kan sọ òótọ́ fún mi, ó sì pe ìyá mi ní ìyá wa.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa ń sọ kẹ́yìn, kó tó wọlé lọ, kí àwòrán tó ṣú. Lójoojúmọ́ ni. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn ju gbogbo eré náà lọ, mo sì ti gbàgbé ẹ̀. Ó wà lórí ahọ́n mi. Ó kúrú, kì í ṣe ó dàárọ̀. Ó jẹ mọ́... ó jẹ mọ́ omi? Òru ni mo máa ń jí, màá rò pé mo ti rí i mú, á yọ́ lọ. Òun gan-an ni mò ń wá. Tí mo bá lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan péré, lónìí yìí, ní iwájú ilẹ̀kùn yìí, mo rò pé àyà mi máa rọlẹ̀.

Ó ṣì kù díẹ̀ nínú fọ́nrán yìí. Jẹ́ n wò ó dópin.

Ó ka ọkọ̀ tán. Ó ń ka igi. Orúkọ ẹ̀ tilẹ̀ tún wá jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Kàwé, ẹ gbà mí! Adìẹ náà nìyẹn, ó yọ látinú dúrọ́ọ̀... "Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Kàwé. Igi mélòó lẹ kà?" Ìyá Mo-Ti-Wí, ìwọ náà? Ìwọ tí ẹnu ẹ mú tó yẹn lò ń kí ènìyàn kú iṣẹ́? Wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò gbogbo yín ni?

Ó ti ń yọ gíláàsì ojú ẹ̀.

Ó ń nù ún. Ó ń nù ún...

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ta ló kú? "Ẹ̀yin ọmọ, ojú tó mọ́ ló ń kàwé dáadáa. Ó di ọ̀la." Orin. Ó tán.

Jẹ́ n wo èkejì tó fi ránṣẹ́. Ìparí ẹ̀ nìkan. Ó ń yọ gíláàsì. Ó ń nù ún. Ìkẹta... ó ń yọ gíláàsì, ó ń nù ún. Ìgbà gbogbo ló ń nù ún. Bí eré wọn ṣe máa ń parí nìyẹn. Kò nù ún nítorí ìyá ẹnikẹ́ni. Kò sì dárúkọ mi.

Wọ́n ní mo lá a lálàá. Bóyá lóòótọ́ ni mo lá a.

Nọ́ọ̀sì ló ń bọ̀ yìí, bàtà ẹ̀ ń han. Mo fa wáyà yọ létí. Ṣé wọ́n ti ṣe é tán ni, nọ́ọ̀sì? "Wọ́n ṣì wà nínú ẹ̀, Màmá. Ẹ fọkàn balẹ̀." Ó ti kọjá lọ. Ẹ fọkàn balẹ̀. Ibo ni wọ́n ń gbé e balẹ̀ sí?

Ó rẹ̀ mí. Jẹ́ n fi orí ti ògiri. Ẹ̀rọ omi yẹn tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, ògiri ń gbọ̀n lẹ́yìn orí mi, ó ń gbọ̀n wọ inú agbárí mi wìrìrì. Fóònù wà lórí itan mi, fọ́nrán yẹn tún ti bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀. Mi ò ní agbára àtipa á. Kó máa ṣeré ẹ̀. Kò sí wáyà létí mi, mi ò gbọ́ ọ̀gá ilé-ìwé yẹn mọ́, ó ṣeun. Ewúrẹ́ ń la ẹnu, ó ń pa ẹnu dé. Kò sí ohùn. Ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, orí mi ń gbọ̀n —

Dúró.

Dúró ná. Mo mọ èyí.

Mo mọ èyí dáadáa. Ewúrẹ́ tó ń la ẹnu láìsí ohùn, orí tó ń gbọ̀n. Ilẹ̀ ni mo jókòó sí. Orúnkún méjì wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, mo wà láàárín wọn bí ẹni tó jókòó sórí àga. Òórùn òróró máṣínnì. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ nígbà yẹn, kì í fọ ọwọ́ ẹ̀ dáadáa. Ó ti di irun mi tán, ó sì gbé àgbọ̀n ẹ̀ lé mi látàrí. Ó máa ń gbé e síbẹ̀. Mo máa ń ní, "Ó wúwo!" á ní, "Orí ẹ ló rọ̀." Tẹlifíṣọ̀n wà níwájú wa, àpótí oníkóró mẹ́ta tí wọ́n fi ń yí i, kóró ìsàlẹ̀ ti já... bàbá wa dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo rántí ẹ̀rín ẹ̀ nígbà yẹn. Kí ni Bàbá ń wí? "Àwọn ẹlòmíì ní amóhùnmáwòrán. Tiwa ò mọ ju ká máwòrán lọ."

Kò mú ohùn wá.

Tẹlifíṣọ̀n wa ò sọ̀rọ̀. Ó ti bàjẹ́ kí n tó gbọ́njú. Ọjọ́ àtúnṣe ẹ̀ ni wọ́n ń dá títí tá a fi kó kúrò ńbẹ̀.

Ha. Ha, Àǹtí.

Àgbọ̀n ẹ ló ń gbọ̀n lórí mi. Ìwọ ni. Ìwọ lò ń bẹ ilẹ̀kùn. Ìwọ lò ń bẹ òjò. Ìwọ ni Ìyá Mo-Ti-Wí — hàà, ta ni ì bá tún jẹ́, ẹnu mímú báyẹn! Nínú gbogbo ayé, èmi nìkan ni mo wo eré yẹn, kò sẹ́ni tó máa rántí ẹ̀ torí kò dé ilé ẹnikẹ́ni. Ó ń wo ẹnu ewúrẹ́ tó ń la, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ sí i. Ọmọbìnrin tí òun alára ò tíì dàgbà. Òun ni wọ́n ń gbà láyè ní ọsibítù. Òun ló ń rí ìyá wa. Òun ló ń wo bí wọ́n ṣe ń rù, á padà wálé, á di irun mi, á gbé àgbọ̀n lé mi lórí, á wá sọ pé wọ́n mu tíì.

Lọ́jọ́ yẹn, òun ló dákẹ́ títí tí ewúrẹ́ fi ń nu gíláàsì. Kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́. Ó ń wá ẹnu tó máa gbé e gbà. Ó sì ṣì í sọ. Ìyá wa. Kì í ṣe pé ewúrẹ́ fẹ́ bá mi pín in. Ìyá tiẹ̀ náà ni.

Gbogbo ìgbà tí mo bá sì ti pariwo Bàbá Ẹ-Dákun, kí ló máa ń ṣe? Á rẹ́rìn-ín. "O ṣì ń rántí ewúrẹ́ yẹn?" Á tẹ máṣínnì, kí ìró ẹ̀ lè bo ọ̀rọ̀. Mo rò pé kò ka eré náà sí ni. Ó fẹ́ kó jẹ́ ewúrẹ́ ló sọ fún mi, kó má jẹ́ òun. Ó jẹ́ kí n máa wá ewúrẹ́ kiri ayé, ohùn tí mò ń wá sì ń bá kọ́là jà ní ojúlé kejì sí tèmi. Mo ń gbọ́ ọ lójoojúmọ́! Mo tún máa ń ní, "Àǹtí, ariwo yín yìí pọ̀ jù," nígbà tí mo bá fẹ́ fi "yín" bú u, torí ó kórìíra kí n máa pe òun ní ẹ.

Wọ́n tọ́jú ohùn Ọ̀gbẹ́ni Kàwé. Ó wà níbẹ̀ mọ́ńbé, kedere, gbogbo ọkọ̀ tó kà. Èyí tó gbé mi dàgbà, wọ́n ń gé e lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn.

Má sunkún. Nọ́ọ̀sì ń wò ẹ́. Má sunkún, lọ fọ —

Lọ fọ...

Ọlọ́run mi.

"Ó ti tó báyìí. Lọ fọ ẹsẹ̀ ẹ. Mi ò lọ síbì kankan."

Òun nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí ewúrẹ́ máa ń sọ kẹ́yìn, kí àwòrán tó ṣú. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ìdajì ayé mi wá. Ó sọ ọ́ fún mi láàárọ̀ yìí. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fi ohùn tó kù sọ ọ́, ojú ni ó fi dípò ẹsẹ̀ torí omijé wà lójú mi, èmi sì ń bínú pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá. Ṣé ó mọ ohun tó ń sọ ni, àbí ẹnu ẹ̀ kàn mọ ọ̀nà débẹ̀? Mi ò ní í lè bi í... Mo lè bi í. Kò ní í lè fi ẹnu dáhùn ni. Á mi orí. Á fi ojú sọ ọ́.

Ohun tó ti ń bà mí lẹ́rù láti ọjọ́ tí dókítà ti wo bàtà ẹ̀ nìyẹn. Pé ọjọ́ kan á dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, á wò mí, á la ẹnu, ọwọ́ á máa lọ, ojú á máa lọ, ẹnu á máa lọ, kò ní í sí ohùn. Mo ń rò pé mi ò ní í lè wo ẹnu yẹn, pé màá sá jáde ni. Ṣùgbọ́n mo ti wo irú ẹnu bẹ́ẹ̀ rí. Ìgbà èwe mi ni mo fi wò ó. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rù ò bà mí rárá, torí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn mi.

Ẹ̀yìn yẹn ni èmi náà máa jókòó sí. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Oníbàárà á wọlé, Àǹtí á la ẹnu, èmi á sọ ọ́: "Ó ní aṣọ yín ò tíì ṣe tán. Ó ní ẹ sì ti sanra sí i." Bóyá ìyẹn kọ́ lohun tó sọ. Á yíjú, á ju òwú lù mí. Kó jù ú. Màá sọ ìyẹn náà: "Ó ní orí mi rọ̀."

Ewúrẹ́ ṣì ń la ẹnu lórí itan mi. Kò sí wáyà létí mi. Jẹ́ n wò ó bóyá... Ta ló ń wò mí? Kí wọ́n máa wò.

"Ẹ dákun."

Ó kéré jù. Mú un wá láti ìsàlẹ̀ àyà.

"Ẹ dákun, Kékeré. Mo kọjá lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn báyìí. Mo rí àǹtí wa. Wọ́n ń sùn. Wọ́n ní ṣé o ti fọ ojú ẹ?"

Nọ́ọ̀sì yíjú. "Màmá, ẹ ń bá mi sọ̀rọ̀ ni?" Mo mi orí. Mi ò bá yín sọ̀rọ̀, ọmọ mi. Mò ń gbọ́ ìròyìn.

Àtàrí mi ń gbọ̀n. Ẹ̀rọ omi sì ti dákẹ́ látẹ̀ẹ̀kan.

Ilẹ̀kùn yẹn kò tíì ṣí. Mi ò lọ síbì kankan.